Ṣé Ọfọ̀ Mẹ́ta Lè Gun Orí Ọfà Kan?

Ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ranger, ìyẹn ọdẹ tafàtafà, ni mo ń lò nínú eré orí tábìlì Dungeons & Dragons wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpele 9. Mo ní ọfọ̀ Hunter's Mark, mo ní Flame Arrows, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Lightning Arrow. Mo fẹ́ kó gbogbo wọn lé orí ọfà kan ṣoṣo kí n fi ta olórí àwọn ọ̀tá wa. DM wa, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, ní kò ṣeé ṣe, pé ọfọ̀ kì í gun ọfọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń lo Wizard, ìyẹn oṣó, ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìwé òfin sọ pé ọfọ̀ tó bá yàtọ̀ síra máa ń ro pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé a dìde nídìí tábìlì láìparí eré. Ta ló jàre? Kí ni mo sì lè ṣe tí ọfà mi á fi dun ọ̀tá dáadáa?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo mọ bó ṣe máa ń rí lára tí eré tí gbogbo yín fẹ́ràn bá di ìjà mọ́ yín lọ́wọ́. O ti jìyà dé ìpele 9, o ti kó ọfọ̀ tafàtafà mẹ́ta jọ, ó wá dà bíi pé wọ́n ní kí o máa lò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò ní ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí mo rí ni pé DM yín jàre lórí ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí, àmọ́ ìdí tó sọ fún yín kọ́ ló wà nínú ìwé. Ọ̀rẹ́ rẹ mọ òfin tó tọ́, àmọ́ kò kà á dé òpin. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń wá, ìyẹn ọfà kan tó ru ju agbára ọfọ̀ kan lọ, wà. Ìwọ nìkan ni o kò lè dá a gbé.

Jẹ́ ká ti ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ti tọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí o ṣe sọ ọ̀rọ̀ rẹ, mo gbà pé ìwé òfin Player's Handbook ti ọdún 2014 lẹ ń lò, pẹ̀lú Xanathar's Guide to Everything ti ọdún 2017 tí Flame Arrows wà nínú rẹ̀. Òfin tó wà níbẹ̀ nípa ọfọ̀ tó bá pàdé lára ẹnì kan ò lọ́jú pọ̀ rárá: tí ọfọ̀ méjì bá yàtọ̀ síra, tí àsìkò wọn sì ṣe kòńgẹ́, agbára àwọn méjèèjì á ṣiṣẹ́ pọ̀. Tó bá jẹ́ ọfọ̀ kan náà ni ẹni méjì pè lé orí ohun kan, èyí tó lágbára jù nínú wọn nìkan ló máa jẹ́. Tí Wizard méjì bá fọwọ́ kan apó rẹ, tí àwọn méjèèjì pe Flame Arrows sí i, 1d6 iná (ìyẹn dáìsì olójú mẹ́fà kan) ni ọfà kọ̀ọ̀kan máa ní, kì í ṣe 2d6 (dáìsì olójú mẹ́fà méjì). Ṣùgbọ́n tí Wizard bá pe Flame Arrows sí apó, tí Cleric, ìyẹn àlùfáà, pe ọfọ̀ Bless lé ọ lórí, tí ìwọ náà sì fi Hunter's Mark sàmì sí ọ̀tá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ lórí ọfà kan náà, DM kankan ò sì lè fi ìwé gbà á lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé ọfọ̀ kì í gun ọfọ̀ kò sí nínú òfin.

Ohun tó dí ọ lọ́wọ́ ni ìfọkànsí, èyí tí ìwé ń pè ní Concentration. Ṣí ìwé rẹ, wo ìlà tí wọ́n kọ iye àsìkò ọfọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ lábẹ́ Hunter's Mark fún wákàtí kan, ó wà lábẹ́ Flame Arrows fún wákàtí kan, ó tún wà lábẹ́ Lightning Arrow fún ìṣẹ́jú kan. Ọkàn ẹnì kan kò lè di ju ọ̀kan mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí o bá bẹ̀rẹ̀ èkejì ni àkọ́kọ́ ti kú, kò sí dáìsì tí o máa jù láti fi gbà á là, kò sì sí ọ̀nà àrékérekè kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Ọfọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá ara wọn jà rárá, ọwọ́ tó fẹ́ dì wọ́n mú ló jẹ́ ẹyọ kan. Ìyàtọ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú rẹ báyìí, àmọ́ òun gan-an ló máa ṣílẹ̀kùn fún ọ tó bá yá.

Ohun mìíràn tí mo fura pé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tíì wò dáadáa ni ohun tí Lightning Arrow ń ṣe gan-an. Ọ̀pọ̀ tafàtafà ló rò pé 4d8 mànàmáná máa ń gun orí ìpalára tí ọfà wọn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé sọ pé 4d8 yẹn ló máa wà dípò ìpalára ọfà. Ká ní ọrun gígùn lo ń lò, tí Dexterity rẹ, ìyẹn ìyára ara rẹ, sì ń fi 4 kún un. Ọfà lásán tó bá bá ọ̀tá á ṣe 1d8 àti 4, ìyẹn 8.5 tí a bá pín in dọ́gba. Lightning Arrow á ṣe 18. Nítorí náà, èrè tí o jẹ lórí ọfà yẹn jẹ́ 9.5, kì í ṣe 18 tí o ti ń kà sọ́kàn. Àǹfààní rẹ̀ tó pọ̀ wà níbòmíràn. Tí ọfà bá tàsé, ìdajì rẹ̀ á ṣì dé ara ọ̀tá, bíi 9 níbi tí ọfà lásán kò ti ní ṣe nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni tó bá sì wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ẹni tí o ta á gbọ́dọ̀ ju dáìsì Dexterity, bí kò bá yege, ó jẹ 2d8, bó bá yege, ó jẹ ìdajì rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni" ni mo sọ o. Fighter yín, ìyẹn jagunjagun yín, tó dúró ti ọ̀tá lọ́rùn wà lára wọn.

Wá fi Hunter's Mark, tó ń fi 1d6 kún ọfà kọ̀ọ̀kan tó bá bá ẹni tí o sàmì sí, wé e. Ìpele 9 ń jẹ́ kí o ta ọfà méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn ọ́. Tí ìjà bá gba ìyípo mẹ́rin, ìyẹn tó bá kan oníkálukú lẹ́ẹ̀mẹrin, ọfà mẹ́jọ nìyẹn. Tí mẹ́fà nínú mẹ́wàá bá ń bá ọ̀tá, ọfà bíi márùn-ún ló máa wọlé, 1d6 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.5, àpapọ̀ rẹ̀ á sì súnmọ́ 17. Àyè ọfọ̀ (spell slot, ohun tí ò ń ná láti fi pe ọfọ̀) ipò kìíní lo fi rà á. Ìwọ sì fẹ́ fi èyí sílẹ̀ ní àárín ìjà nítorí Lightning Arrow, èyí tó gbà ọ́ ní àyè ọfọ̀ ipò kẹta, tó sì jẹ́ pé méjì péré ni o ní nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ìpele tí o wà. Tí olórí àwọn ọ̀tá bá dá dúró ní gbàgede, tó sì jẹ́ ẹni tó máa pẹ́ kó tó kú, èmi ò ní fi àmì tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mànàmáná. Tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá wá ṣù mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ yí padà, mànàmáná ni kó gba ipò.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà níbẹ̀. Nínú ìgbà kan tó bá kàn ọ́, o ní ìgbésẹ̀ ńlá kan àti ìgbésẹ̀ èènì kan, èyí tí wọ́n ń pè ní bonus action. Hunter's Mark ń jẹ èènì yẹn, gbígbé àmì lọ sára ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣubú náà ń jẹ ẹ́, Lightning Arrow ń jẹ ẹ́, Hail of Thorns àti Ensnaring Strike, àwọn ọfọ̀ Ranger mìíràn, pẹ̀lú. Flame Arrows ní tirẹ̀ gba ìgbésẹ̀ ńlá, ìyẹn ni pé ìgbà tí o bá pè é, o kò ní ta ọfà méjèèjì tó tọ́ sí ọ. Ìwé ọdún 2014 tún fi kún un pé tí o bá ti fi èènì pe ọfọ̀, ọfọ̀ mìíràn tí o lè pè nínú ìgbà yẹn kò gbọ́dọ̀ ju cantrip, ìyẹn ọfọ̀ kékeré tí kì í ná àyè, tó ń gba ìgbésẹ̀ ńlá kan. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní ìfọkànsí ò sí rárá, ìyípo mẹ́ta lo máa fi dira, ọ̀kan nínú wọn láìta ọfà kankan. Olórí ọ̀tá ò ní dúró máa wò ọ́ o.

Èmi náà ti ṣubú sínú kòtò yìí rí. Ranger mi ti sàmì sí ogre (òmìrán) kan fún ìyípo méjì, ni mo bá rí ọ̀tá mẹ́rin tí wọ́n kóra jọ lẹ́nu ọ̀nà, mo pe Lightning Arrow, inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn ìyẹn mo padà sórí ogre, mo sì ń ju d6 àmì náà lọ fún ìyípo mẹ́ta gbáko. Ẹnikẹ́ni ò rántí. DM wa, tó máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, gbé pẹ́ńsù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Kí lo ń fọkàn sí báyìí?" Mo wo bébà mi, mo rí i pé mo kọ nǹkan méjì síbẹ̀, méjèèjì kò sì lè jẹ́ òótọ́. A ní láti dá ẹ̀mí padà fún ogre tó ti kú. Ojú tì mí gan-an ni. Láti ọjọ́ náà, mo ní ìdérí ìgò pupa kan tí mo máa ń gbé lé orí orúkọ ọfọ̀ tí mo bá ń fọkàn sí lórí bébà mi. Ìdérí kan ṣoṣo ni. Tí mo bá fẹ́ pe ọfọ̀ mìíràn, ọwọ́ mi á rí i pé òun ń gbé ìdérí kúrò níbì kan, mi ò sì tún gbàgbé mọ́. Gbìyànjú rẹ̀ wò.

Kí ni o lè ṣe wàyí? Flame Arrows kì í ṣe ti Ranger nìkan, ó wà nínú ìwé Wizard, Sorcerer àti Druid. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jà fún ọ yẹn lè kọ́ ọfọ̀ náà. Tó bá fọwọ́ kan apó rẹ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, òun ni yóò máa fọkàn sí i, ọkàn tìrẹ á wà lófìfo fún Hunter's Mark. Ọfà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé á wá jẹ́ 1d8 àti 4, pẹ̀lú 1d6 iná, pẹ̀lú 1d6 àmì, ìyẹn 15.5 níbi tí 8.5 wà tẹ́lẹ̀. Má gbàgbé pé ọfà méjìlá péré ni iná yẹn máa gbé, èyí tó bá tàsé náà sì wọnú ìṣirò. Igi ìṣáná méjìlá ni mo máa ń tò sí iwájú ara mi, mo sì ń ṣẹ́ ọ̀kan bí mo bá ṣe ń fa ọfà kọ̀ọ̀kan yọ. Ní ìyípo kẹfà, iná ti tán.

Kí o tó sáré lọ bẹ̀ ẹ́, wo ohun tí ò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọfà méjìlá, bíi méje ló máa wọlé, ìyẹn á fún yín ní ìpalára iná bíi 25 fún àyè ọfọ̀ ipò kẹta. Fireball ń gba àyè kan náà, 8d6 ló ń ṣe, ìyẹn 28, lára gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìgba ìfọkànsí. Wizard tó bá ń di iná rẹ mú kò tún lè di Haste, ọfọ̀ tó ń mú ẹni yára, mú. Lójú tèmi, Flame Arrows yẹ nígbà tí ọ̀tá bá jẹ́ ẹyọ kan tí iná ní ohun pàtó tó ń ṣe fún un. Troll, ẹ̀dá abàmì kan, ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù: ó máa ń gba ẹ̀mí 10 padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tó bá kàn án, àfi tí iná tàbí ásíìdì bá ti kàn án. Ọfà kan péré tó wọlé ní ìyípo kọ̀ọ̀kan ti tó láti sé ọ̀nà yẹn mọ́ ọn, Wizard yín á sì ráyè fi ìgbésẹ̀ rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ tí kò bá sí troll, Bless láti ọwọ́ Cleric ni mo máa bẹ̀ fún. Ó ń fi 1d4 kún dáìsì ìkọlù, ipò kìíní ni, ẹni mẹ́ta sì ló ń jàǹfààní rẹ̀. Tafàtafà tó ń tàsé kò nílò iná, ohun tó nílò ni kí ọfà rẹ̀ wọlé.

Àwọn ọfọ̀ kan tún wà nínú àpò tìrẹ tí kò béèrè ìfọkànsí rárá, àwọn tafàtafà kì í sì í kà wọ́n sí. Cordon of Arrows jẹ́ ipò kejì, ó ń pẹ́ wákàtí mẹ́jọ, o gún ọfà mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ ibẹ̀ nígbà tí Hunter's Mark rẹ ń ṣiṣẹ́ lọ. Conjure Barrage jẹ́ ipò kẹta, ó ń tú ọfà jáde ní ìrísí kóònù tó ń gbòòrò lọ síwájú, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60, ojú ẹsẹ̀ ló ń parí, kò ní ohun tí o máa dì mú. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn àjọṣe tó wà láàárín òun àti Ensnaring Strike. Ní ìyípo kìíní, fi èènì pe Ensnaring Strike, kí o sì ta ọfà. Tí ó bá wọlé, tí ọ̀tá sì kùnà dáìsì Strength rẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún á so ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n so báyìí, gbogbo ọfà yín tó kù máa ń ní àǹfààní dáìsì méjì lórí rẹ̀ (ẹ ju méjì, ẹ mú èyí tó pọ̀ jù), ìjákulẹ̀ dáìsì méjì (ó ju méjì, ó mú èyí tó kéré jù) sì ni òun náà fi ń ju ti Dexterity. Ní ìyípo kejì, tú Conjure Barrage lé e. Dáìsì Dexterity ni Barrage ń béèrè. O rí i pé ọfọ̀ méjèèjì ò gun orí ọfà kan, síbẹ̀ ọ̀kan la ọ̀nà fún èkejì. Tí o bá tàsé pẹ̀lú Ensnaring Strike, má bọkàn jẹ́, ó máa dúró de ọfà tó bá kọ́kọ́ wọlé títí ìṣẹ́jú kan á fi pé, Hail of Thorns náà sì rí bẹ́ẹ̀. Lightning Arrow ni kì í dúró: ọfà àkọ́kọ́ tí o bá ta lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gbé e lọ, ì báà bá ọ̀tá, ì báà tàsé. Kí o sì mọ̀ pé ẹ̀dá tó bá tóbi ju ènìyàn lọ máa ń ní àǹfààní láti já igi ẹlẹ́gùn-ún yẹn, nítorí náà má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e tó bá jẹ́ òmìrán ni olórí ọ̀tá yín.

Fún ẹni tí kò bá lè sùn àfi tó bá rí ọfà kan tó ru agbára mẹ́ta, ọ̀nà kan wà tí kì í ṣe ọfọ̀ rárá. Fighter tó bá gba ẹ̀ka Arcane Archer nínú ìwé ọdún 2017 yẹn máa ń ní Arcane Shot. Kì í ṣe ọfọ̀, kò gba ìfọkànsí, kò jẹ èènì, ẹ̀yìn tí ọfà bá ti wọlé ni ó sì máa ń pinnu bóyá kó lò ó. Ranger tó bá gba ìpele mẹ́ta ní Fighter lè fi 2d6 ti Bursting Arrow kún ọfà tí Hunter's Mark tirẹ̀ àti Flame Arrows ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lè ṣe é kó tó sinmi. Èmi ò ní gbà ọ́ níyànjú pé kí o yà síbẹ̀ báyìí, nítorí ìpele mẹ́ta tí o fẹ́ fi rà á máa dá ọfọ̀ Ranger rẹ dúró pẹ́ gan-an.

Ibi tí mo rò pé àríyànjiyàn yín ti wá gan-an nìyí. Ní ọdún 2024, wọ́n tún Player's Handbook ṣe, wọ́n sì yí àwọn ọfọ̀ tafàtafà padà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ rẹ ti ka ti tuntun, kí DM sì máa lo ti àtijọ́. Nínú ti tuntun, Hail of Thorns àti Lightning Arrow kò gba ìfọkànsí mọ́. Ẹ̀yìn tí ọfà bá ti wọlé lo máa ń fi èènì pe Hail of Thorns, nítorí náà kì í ṣòfò, Hunter's Mark rẹ ò sì ní kú. Tí Wizard bá tún wà tó ń di Flame Arrows mú, tí DM yín sì gbà kí ẹ mú un wá láti inú ìwé ọdún 2017, ọfọ̀ mẹ́ta ti wà lórí ọfà kan nìyẹn: 1d8 àti 4, 1d6 àmì, 1d6 iná, àti 3d10 ẹ̀gún tí o bá fi àyè ipò kẹta pe Hail of Thorns. Ọ̀tá á ju dáìsì lórí ti ẹ̀gún nìkan. Lightning Arrow ò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ìwé tuntun sọ pé 4d8 rẹ̀ ló máa wà dípò gbogbo ìpalára àti ohun yòówù tí ìkọlù náà ìbá mú wá. Àmì rẹ ò kú, àmọ́ ọfà mànàmáná yẹn ò gbé e, ọfà tó tẹ̀ lé e ló máa gbé e. Ìwé tuntun yìí tún ní àyè ọfọ̀ kan ṣoṣo lo lè ná nínú ìgbà kan, àmọ́ Ranger ń gba Hunter's Mark díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láìná àyè, nítorí náà o lè fi èènì sàmì lọ́fẹ̀ẹ́, kí o sì fi ìgbésẹ̀ ńlá pe Conjure Barrage lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìwé àtijọ́, ìyẹn ò ṣeé ṣe.

Ibì kan wà tí ìwé ò ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé mo ní ìdáhùn tó parí rẹ̀. Nínú òfin ọdún 2014, tí Wizard bá ń di Flame Arrows mú, tí ìwọ sì pe Lightning Arrow sí ọfà tó jáde láti inú apó yẹn, ṣé iná á bá mànàmáná lọ? Èmi gbà pé á bá a lọ, nítorí mànàmáná gba ipò ìpalára ọfà nìkan, iná sì jẹ́ àlékún tó ń tẹ̀ lé ọfà tó bá wọlé. Ẹlòmíràn á ní ọfà tó ti di mànàmáná kì í ṣe ọfà mọ́. Mo ti jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti gba èyí, mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti gba ìyẹn, eré ò sì bàjẹ́ níbì kankan. DM ló ni ìpinnu. Tó bá gbà, tí o bá sì ju 20 gan-an lórí dáìsì ìkọlù, 4d8 di 8d8, 1d6 iná di 2d6, àmọ́ 2d8 tó ń fọ́n sára àwọn tó wà nítòsí kì í di ìlọ́po méjì, nítorí dáìsì tiwọn ni wọ́n ń jù fún un.

Tó bá jẹ́ Pathfinder àkọ́kọ́, eré mìíràn tó jọ èyí, lẹ ń ṣe ni, ohun mìíràn ni mo máa sọ. Ìfọkànsí kọ́ ló ń ká tafàtafà lọ́wọ́ kò níbẹ̀, irú àlékún ni. Gravity Bow tó ń sọ 1d8 ọrun gígùn di 2d6 àti Flame Arrow tó ń fi 1d6 iná sí ọfà 50 lè wà pọ̀ láìjà. Ṣùgbọ́n ọrun tó ní +1 àti ọfà tó ní +1 kì í di +2, èyí tó bá tóbi jù nìkan ni wọ́n ń kà.

Kí ẹ tó tún jókòó, pe DM yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀. Má bá a jiyàn, bi í ní ohun méjì péré: ìwé ọdún wo là ń lò, ṣé iná ọ̀rẹ́ mi lè bá mànàmáná mi lọ? Kọ ohun tó bá sọ sí ẹ̀yìn bébà Ranger rẹ. Lẹ́yìn náà, lọ bá Wizard, kí ẹ jọ pinnu ta ni yóò di kí ni mú kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn yàrá olórí ọ̀tá. Tó bá jẹ́ ìwé àtijọ́ ni, tí DM sì gbà, jẹ́ kí Wizard fi iná sí apó rẹ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ní ìyípo kìíní, fi Hunter's Mark sí olórí náà, ta ọfà iná méjì. Máa tà á lọ bẹ́ẹ̀, tí ìdérí ìgò rẹ wà lórí Hunter's Mark, kí o sì pa Lightning Arrow mọ́ títí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á fi sáré wá dáàbò bò ó. Ìgbà yẹn ni kí o gbé ìdérí náà, kí o sì pariwo sí Fighter yín pé kó sún sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàtà 10.